Egungun Àgbọ̀n Ewúrẹ́ ní Kíláàsì CM1

Ọyẹ́ ló bo ọ̀nà Igolo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn igi ọ̀pẹ dúró nínú ìkùukùu bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí nǹkan. Alùpùpù tó gbé mi rọra ń gba àárín wọn kọjá, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé a kò ní gúnlẹ̀ síbì kankan. Ìwé ọmọdé ni mò ń kọ. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Banigbé, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá kàwé fún àwọn ọmọ CM1, kíláàsì karùn-ún, kí n sì fi bí a ti ń kọ ìtàn hàn wọ́n. Mo ti ṣèlérí pé n óò tẹ ìtàn wọn sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú lọ sílé.

Mo ní àṣà kan tí n kì í yẹ̀. Ọmọ kì í fọwọ́ kan bíìkì ìkọ̀wé níwájú mi títí yóò fi fẹnu sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í. Ìtàn tí kò bá gba ẹnu kọjá, gbígbẹ ní í gbẹ lórí ìwé. Mo fi Faransé ṣàlàyé èyí fún wọn. Wọ́n kọjú síra wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé sọ tiwọn.

Nígbà náà ni mo rí ọmọbìnrin kan tó dá jókòó sí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀, egungun àgbọ̀n ewúrẹ́ tí òógùn ti sọ di pupa sì rọ̀ mọ́ okùn náà. Sìnyáàlì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi í kọ́ lọ́rùn, kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ àfi bó bá gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó wá gbé e fún onítọ̀hún. Olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, sọ ọ́ sí mi létí ní Faransé pé ẹni tí sìnyáàlì wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé pẹlẹbẹ náà.

Mo ti kàwé dé yunifásítì, mo sì ti gbọ́ gbogbo àwáwí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń gbèjà ìwà yìí: pé ó ń mú kí ọmọ tètè gbọ́ Faransé, pé àwa náà là á kọjá, a kò sì kú. Irọ́ funfun! A sọ ọmọ ọdún mẹ́wàá di aṣọ́bodè, ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni ẹrù tí a ní kó máa tú. Èyí ni a ń pè ní ẹ̀kọ́.

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà.

"Kí ló dé tí ìwọ kò sọ tìrẹ?"

Yorùbá ni mo fi bi í.

Ojú rẹ̀ là. Ó dìde, ó bọ́ okùn náà, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Tàǹtí, ẹ má bínú. Ẹ ti sọ ọ́. Tiyín ni."

"Yéè! Wọ́n mú Tàǹtí!" ni ẹnìkan kígbe.

"Pa ẹnu dé, òmùgọ̀! Ó máa kàn ẹ́ báyìí," ni ẹnìkejì rẹ̀ wí, òun náà ní Yorùbá. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo tẹrí ba, mo fi í kọ́ ọrùn. Ó fúyẹ́. Ìkùukùu ń gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ̀rín àwọn ọmọ ń jìnnà sí mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá wà nísàlẹ̀ odò tí wọ́n ń pè é létí omi.

Olùkọ́ ló jí mi. Ó ti rí dírẹ́tọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà tó ń gba orí pápá bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bọ́ ọ! Ọ̀gá ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i lọ́rùn yín."

Yorùbá pọ́ńbélé. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Òun náà gbọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn ara rẹ̀.

Ó wù mí kí n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo bọ́ ọ, mo fi í lé e lọ́wọ́.

"Àbúrò, òfin yín nìyí, n kò sì ní fi í kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Jẹ́ kí ọmọ yìí sọ ìtàn rẹ̀ ní èdè tó fi mọ̀ ọ́n, kí ó sì wà nínú ìwé."

Ó ti egungun náà sínú àpò.

"Kó máa sọ ọ́," ni ó wí.

Ọmọ náà dìde. "Ìyá mi àgbà ń tẹ ẹyìn nínú kòtò ní Tchaada. Epo mù wọ́n dé orúnkún. Oòrùn já bọ́ sínú kòtò náà, wọn kò rí i, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ epo."

Dírẹ́tọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń gbọ́. Ọmọ náà rí i. Kò dákẹ́.

"Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ṣú kíákíá lọ́jọ́ náà, tí ọbẹ̀ wa sì ń tàn nínú abọ́."

Ọmọ yìí ń ka Faransé bí ẹní mu omi. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí láti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní èdè ìyá rẹ̀. Nítorí náà, èmi ni mo jókòó sí bẹ́ǹṣì, mo mú bíìkì, òun sì dúró tì mí, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi.

"Tàǹtí, ẹ ti fo ọbẹ̀."

"N kò fò ó, ìyá mi. Mo ń bọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ kó tàn o."