Ara Mi Ni Wọ́n Fi Ń Díwọ̀n Ìwà Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí pé mo tín-ín-rín. Bẹ́ẹ̀ ni o, nítorí tín-ín-rín lásán!

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyí. Bàbá mi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyá tó bí bàbá mi náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo lè jẹ iyán láàárọ̀, kí n jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, kí n tún fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sùn, kò ní hàn lára mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, kò sẹ́ni tó bá mi wí. Wọ́n á ní aṣọ ń yẹ mí, inú mi á sì dùn. Àfi ìgbà tí mo lọ́kọ!

Ọkọ mi ń dáko ní Ìrókò, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. A kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wọ́n nílé wa rí, ẹ bi àwọn aládùúgbò. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ bá a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. Bí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, wọn kì í bi í bóyá ọkọ ń tọ́jú ẹ̀. Ara ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Tó bá sanra, ọkọ gidi ló fẹ́. Tó bá rù, ó ń jìyà. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, wọn ò ní bi olúwarẹ̀ ní nǹkan kan mọ́.

Ìyá mi ń gbé ní Olódò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi Àgbà. Ohun tí Màámi Àgbà bá sọ nílé yẹn, abẹ gé e. Gbogbo ìgbà tí èmi àti ọkọ mi bá lọ kí wọn, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á béèrè pé kí ló dé tí mo tún gbẹ sí i. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bi o. Ọkọ mi ni wọ́n ń wò. Òun á kàn máa rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ó máa ń dùn mí! Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ti oko dé, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ kan, Màámi Àgbà là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ilé. Wọ́n ní tí ara mi ò bá yí padà kí iṣu tuntun tó jáde, àwọn máa wá mú mi wá sí Olódò kí n wá sinmi. Ìyàwó tí wọ́n bá sì mú lọ báyẹn, ó lè má padà sílé ọkọ mọ́.  Ọkọ mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ni kí n ṣe? Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló sọ fún mi nípa tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Ó ní oúnjẹ á máa wu èèyàn jẹ, ara á sì kún kíá. N ò sọ fún ọkọ mi. Mo rà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Háà! Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi yọ. Ojú mi rí róbótó, ikùn yọ, ọrùn nípọn. Nílé-ìwé, wọ́n ń kí mi kú oríire. Ìgbà tá a dé Olódò, Màámi Àgbà dìde lórí àga, wọ́n jó yí mi ká! Wọ́n yíjú sí ọkọ mi, wọ́n súre fún un, wọ́n ní ọkọ rere ni. Wọ́n bu ẹran tó tóbi jù sínú abọ́ ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kó fẹ̀yìn ti àga nílé àwọn àna ẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ojú àti ikùn nìkan ló wú. Apá àti itan mi tún wá tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi tí mo máa ń gbé, n ò lè gbé e mọ́. Tí mo bá kọ̀wé díẹ̀ sójú pátákó, apá á ti máa ro mí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi á wú. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, èmi sì mọ̀ pé ara mi ò yá.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n ò dá a dúró. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Tí mo bá dá a dúró, ara á lọ. Tí ara bá lọ, kí ni wọ́n máa sọ nípa ọkọ mi ní Olódò? Wọ́n á ní ó ti tún bẹ̀rẹ̀ ìwà ẹ̀. Mo wá ń lo oògùn nítorí orúkọ rere ọkọ mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo bá a dé oko lọ hú ẹ̀gẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lulẹ̀. Ó gbé mi lé ọ̀kadà, ó di ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó wo ojú mi, ó béèrè ohun tí mò ń lò. N ò mọ ibi tí mo máa fojú sí, torí ọkọ mi dúró síbẹ̀. Mo sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn mìíràn ni wọ́n ṣe oògùn yẹn fún, pé wíwú ni mo wú, n ò sanra, àti pé ó ń jẹ ẹran ara mi lọ lábẹ́. Ó tún kìlọ̀ pé n ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, torí ó léwu. Ó ní kí n lọ rí dókítà, dókítà ló sì bá mi dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí tí mo fi bọ́ nínú ẹ̀.

Ọkọ mi ò pariwo mọ́ mi. Ìgbà tá à ń ti ilé ìlera padà sílé lọ́jọ́ náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé o rò pé èébú Màámi Àgbà ló ń bà mí lẹ́rù ni? Èébú ò lè pa mí, Ṣadé. Kí n sin ẹ́ ló lè pa mí." Mo sunkún títí a fi délé.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló là mí lóye. Ó ní kí n máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀pà, kí n máa jẹ ẹ́ léraléra, kí n sì máa lo apá mi, torí apá tí èèyàn ò bá lò kì í le. Ẹyin adìyẹ wa tá a máa ń tà tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń jẹ ẹ́ báyìí! Nígbà tí dókítà yọ̀ǹda, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán fúnra mi. Mo fi kẹ́ẹ̀gì kékeré bẹ̀rẹ̀, mo sì bọ́ sórí ńlá nígbà tó yá. Ojú mi fọn padà, ṣùgbọ́n apá mi ń le, iṣan ń yọ. Aládùúgbò ní mo ti ń gbẹ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo dá kẹ́ẹ̀gì ńlá gbé karí, láìsí ẹni tó gbé e rù mí!

Ní gbogbo àkókò yìí, n ò dé Olódò. Mò ń fi iṣẹ́ ilé-ìwé ṣe àwáwí. Àfi ìgbà tí Màámi Àgbà pè mí lórí fóònù pé Bùnmi, ọmọ wọn, ti fẹ́ lọ́kọ, kí èmi àti ọkọ mi wá. Bùnmi tín-ín-rín bíi tèmi.

Bí Màámi Àgbà ṣe rí mi, ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Wọ́n yí ojú burúkú sí ọkọ mi tó dọ̀bálẹ̀, wọn ò ní kó dìde. Wọ́n ní kí n ṣáà sọ ohun tí mo lò nígbà tí mo lára yẹn fún Bùnmi, kó tó wọlé ọkọ, àti pé kí ọkọ mi náà sọ ìdí tí kò fi rà á fún mi mọ́.

Ẹ ò ní gbà gbọ́. Kí n tó lanu, ọkọ mi ti ń bẹ̀bẹ̀ nílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé oko ò ṣe dáadáa, pé òun lòun jẹ̀bi. Irọ́ ni! Ó ń purọ́ mọ́ ara ẹ̀ kí wọ́n má bàa bú mi. Mo fẹ́ dákẹ́. Ni Bùnmi bá yọ sáṣẹ́ẹ̀tì kan nínú báàgì ẹ̀, ó rọra bi mí bóyá eléyìí ni. Oògùn yẹn gan-an ni. Ọ̀la ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní ọkọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, pé òun ló gbé mi dé ilé ìlera. Mo ní, "Màámi, ara tẹ́ ẹ jó fún lọ́jọ́ yẹn, àìsàn ni."

 Ìyá mi ń nu ojú. Màámi Àgbà gba oògùn lọ́wọ́ Bùnmi, wọ́n wò ó, wọ́n rún un mọ́wọ́. Wọ́n wá wo ọkọ mi níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, "ọkọ Ṣadé" ni wọ́n ń pè é.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "dìde nílẹ̀. Èmi ló yẹ kí n máa bẹ̀ ọ́."

Bùnmi ti wọlé ọkọ báyìí, bó ṣe tín-ín-rín náà ló lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ara ò lè ròyìn ilé fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sọ pé ìyàwó kan ń jìyà, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ bi í. Ẹ sì má ra ara ní kẹ́míìsì!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bíi tèmi, kí ni wọ́n ti sọ sí yín rí? Ẹ̀yin ọkọ wọn ńkọ́, èébú wo lẹ gbé mì tẹ́ ò sọ fún ìyàwó? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Ọkọ mi náà ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.