Yàrá Tí Wọ́n Bá Lófìfo

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ tíṣà wọn ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Látìgbà tí obìnrin yìí ti ń kọ́ àwọn àjòjì ní èdè ìlú ní ibùdó èdè yunifásítì, kò sẹ́ni tó rí i kó jókòó rí. "Ẹ dìde! Ẹ jẹ́ ká lọ," ni gbólóhùn tó kọ́kọ́ máa ń kọ́ wọn. Yóò kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn, sí ẹnu géètì, sọ́dọ̀ aránbàtà, kí wọ́n lọ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Èdè téèyàn ò lè fi béèrè ọ̀nà, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ṣùgbọ́n kíláàsì èdè kò ní máàkì nínú, àwọn ọ̀gá kò sì kà á sí. Wọ́n ti ń gba àwọn yàrá ibùdó náà fún kọ̀ǹpútà, ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń lò ó. Bí wọn ò bá bá èèyàn níbẹ̀, ó lọ nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, tòní nìkan," ni adarí ibùdó bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má kúrò nínú yàrá."

"Mo ti gbọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó gbìyànjú. Ìgbìmọ̀ ò tètè yọjú. Ó nu pátákó tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó to àga, ó tún un tò. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí kì í la ẹnu ju kó kí èèyàn lọ, ti ń tòògbé, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ dìde! Ká kàn dé ilé ìwòsàn ká padà. Wọn ò tíì ní dé."

Níbẹ̀, ọmọbìnrin náà bi bàbá arúgbó kan ibi tó ń dùn ún. Bàbá rojọ́ orúnkún, ó kó àwọn àna rẹ̀ mọ́ ọn, ọmọbìnrin sì rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kéèyàn ti rẹ́rìn-ín. Inú tíṣà dùn dọ́ba. Ìgbà náà ló rántí ìgbìmọ̀, ló bá sá eré padà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mẹ́sẹ́ńjà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

"Tíṣà, ibo lẹ wọlẹ̀ sí? Wọ́n wá, wọ́n ti lọ."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń kọ́ nǹkan kan níbí. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé, kí n gbé kọ́kọ́rọ́ fáwọn oníkọ̀ǹpútà."

"Háà! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi."

Ó jókòó gbàgà sórí àga. Ẹ̀rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin náà ló wá síwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn. Èmi fúnra mi ni màá sọ ibi tí a wà fún wọn."

Tíṣà wojú rẹ̀. Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn, òun kọ́ ló kọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí i pé kó fa òun dìde.