Ọbẹ̀ Tí Tísà Bertha Kò Tọ́ Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó mú kí Bàbá Hezekiah gbẹ bí igi ìdáná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, kó má wulẹ̀ lọ bi dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ni kó bi. Bí ìyàwó náà bá ṣe tán láti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, yóò ní ọbẹ̀ òun ni.

Tísà ni Bertha. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ sísè, kó tó fẹ̀yìn tì sí ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gbogbo oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n sè ló wà nínú ìwé ńlá kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ife tòmátò mélòó, ṣíbí iyọ̀ mélòó, ìṣẹ́jú mélòó lórí iná. Kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ní ọ̀kánjúwà ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò, pé ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé kò lè ṣìnà. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọbẹ̀ rẹ̀ kò burú. Kò sì dára. Bó ṣe rí lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó náà ló ṣì rí títí dòní. Hezekiah, tó ṣiṣẹ́ ní póòsì ọ́fíìsì títí orí rẹ̀ fi funfun, ń jẹ ẹ́ láì ráhùn, nítorí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn wàhálà.

Àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dé. Dókítà ní Bàbá kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan iyọ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan màgí. Bertha lọ sídìí ìwé rẹ̀, ó mú rúlà, ó fa ìlà tó gún régé sórí iyọ̀ àti màgí ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń se ìyókù bó ṣe wà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tí kò fi nǹkan kan dípò rẹ̀, omi ata ló kù sí i lọ́wọ́. Hezekiah á bu òkèlè mẹ́ta, á mu omi, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bertha á ní àìsàn ni kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mọ adùn, á sì bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí. Láàárín oṣù mẹ́ta, ṣòkòtò Bàbá kò dúró ní ìdí rẹ̀ mọ́ àfi tó bá fi okùn dì í. Bọ́lájí ọmọ wọn tó wà ní Kàdúná rí i lórí fóònù, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀ ń fún Dádì lóúnjẹ ṣá?” Ọ̀rọ̀ náà wọ Bertha ní egungun. Ọkọ rẹ̀ ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, bí kò bá sì rí nǹkan ṣe sí i, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, Hezekiah bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án. Ó ní òun ń lọ na ẹsẹ̀. Tó bá dé, á fẹ̀yìn ti àga, á gùfẹ̀, kò sì ní béèrè oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹta Bertha gbóòórùn irú àti atalẹ̀ lára irùngbọ̀n rẹ̀.  Lọ́jọ́ kẹrin, bí Bàbá ṣe wọ kẹ̀kẹ́ Máárúwá tó ń lọ sí Bẹẹrẹ, òun náà wọ èyí tó tẹ̀lé e.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní Bẹyẹrúnkà ló bá a. Yẹ̀kínì ni orúkọ télọ̀ náà. Ilé ìwòsàn ni òun àti Hezekiah ti mọra, nítorí àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n, ìdí nìyẹn tí Yẹ̀kínì kò fi gbààwẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, abọ́ kan wà láàárín wọn, wọ́n ń fi ẹ̀bà kó ọbẹ̀, òógùn sì ń bọ́ lójú wọn. Hezekiah rí ìyàwó rẹ̀, òkèlè dúró sí i lọ́wọ́. Ó wolẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń jẹun níta, ẹ̀tẹ́ ti bá a ní ilẹ̀ wa. Bertha bínú dé ọ̀nà ọ̀fun. Àmọ́ kí ó tó la ẹnu, Yẹ̀kínì ti dìde.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ wá bá wa jẹ. Kò sí ẹyọ iyọ̀ kan nínú ẹ̀ o, ẹ má fòyà. Ìyàwó mi ló sè é.”

Ìbínú ni Bertha fi bu òkèlè kan, kó lè rí ibi tí yóò ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Kò rí i. Irú ló kọ́kọ́ bá pàdé, atalẹ̀ tẹ̀lé e, ata rodo ta á létí ahọ́n, tòmátò tí wọ́n yan dáadáa sì gbé gbogbo rẹ̀ dání. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ahọ́n rẹ̀ kò sì béèrè iyọ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó wolẹ̀ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ, ìtìjú sì bò ó. Ebi ló ń pa ọkùnrin náà. Gbogbo oṣù mẹ́ta tó fi ń bá a wí, ebi ló ń pa á.

“Mo fẹ́ kọ́ ọ,” ló wí. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín kọ́ mi.”

Yẹ̀kínì ní kó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin kan tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún jókòó sórí àpótí níbẹ̀, ó ń já ẹ̀fọ́. Ó gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rọra kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, Mà. Tísà wa. Èmi Ràbíátù ni.”

 Bertha ti mọ̀ ọ́n kó tó dárúkọ. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ọmọ mi, mo kọ́ èèyàn púpọ̀ o. N ò rántí mọ́.”

Ràbíátù padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. A pọ̀.”

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bertha ní òun kò rántí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn, nínú ààwẹ̀ bí irú èyí, ó ń ṣe ìdánwò oúnjẹ sísè fún kíláàsì tó fẹ́ jáde. Gbogbo ọmọ ń fi ife àti ṣíbí wọn nǹkan. Ọmọ kan ń fi ọwọ́ bu iyọ̀, ó ń na imú sórí ìkòkò.

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ tó?” ni Bertha bi í.

“Mo gbóòórùn ẹ̀ ni, Mà. Mo gbààwẹ̀, n ò lè tọ́ ọ wò.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bertha rò pé ọmọ náà ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó pè é ní òpùrọ́, ó gbé ìkòkò náà, ó dà á sí gọ́tà lójú gbogbo wọn, ó sì kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀. Kò fi ahọ́n kàn án. Bó ṣe ń dà á lọ́wọ́ ni òórùn rẹ̀ lù ú nímú, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọbẹ̀ gidi lòun ń dà nù, ọbẹ̀ tí òun tó jẹ́ tísà kò lè sè. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Bertha yàtọ̀. Ẹni tó ṣu náà kò gbàgbé.

Ní ọjọ́ kejì ìgbà tó kọ́kọ́ dé ilé Yẹ̀kínì, Bertha bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ó mú ìwé àti báírò lọ.

“Ìyá Yésúfù, ṣíbí irú mélòó?” ló bi í, nítorí orúkọ ọmọ Ràbíátù ló fi ń pè é.

“N ò kà á rí, Mà. Ẹ máa bù ú títí ata á fi gbà á.”

“Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ata ti gbà á?”

“Òórùn ata tútù á lọ. Ẹ sì tẹ́tí sí i, Mà. Tí omi bá ṣì wà nínú ẹ̀, á máa pariwo. Tí omi bá gbẹ, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, epo á jáde sókè. Ìgbà yẹn lẹ tó lè fi nǹkan míì sí i.”

Bertha kọ “ohùn á wálẹ̀” sínú ìwé, ó wò ó títí, kò mọ iye ìṣẹ́jú tí ìyẹn jẹ́. Ràbíátù rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dun Bertha ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí obìnrin náà bú òun.

Nítorí pé Ràbíátù gbààwẹ̀, Bertha ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ràbíátù á ní, “Ẹ fẹnu kàn án, Mà. Kí ló ń fẹ́?” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ Bertha dúró ti ìkòkò bí òkú igi, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí ọbẹ̀ ń fẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tọ́ ọ wò, ó tún un tọ́ wò, ó ní, “Ó jọ pé... ṣé kì í ṣe atalẹ̀ díẹ̀?”

“Òun náà ni, Mà. Bí èmi náà ṣe gbóòórùn ẹ̀ nìyẹn.”

Inú Bertha dùn bí ti ọmọ tó gba máàkì. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó ń fún un ní máàkì, ojú sì tì í fún inú dídùn náà.

Lọ́jọ́ kẹrin ó dá ọbẹ̀ sè nílé, kò ṣí ìwé. Ó tẹ́tí sí ata, ó fẹnu kàn án, ó bu irú díẹ̀ sí i, ó tún fẹnu kàn án. Hezekiah jẹ ẹ́, ó fi ìka nu ìdí abọ́. “Ìyá Bọ́lájí, o ṣeun,” ló sọ. Bertha wọ yàrá lọ, ó sunkún. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọgbọ́n yìí bò ó láṣìírí ni ẹni tí òun fi ṣẹ̀sín lójú ogójì ọmọ. Láràárọ̀ ló ń pinnu pé òun á sọ ọ́ lónìí. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti ré Màpó kọjá báyìí, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Á wọlé, á ní, “Ìyá Yésúfù, ẹ kú iṣẹ́ o,” á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ kẹfà Hezekiah ní òun yóò bá a lọ dúpẹ́. Ó ra dàbínù ní Ọjà'ba kí wọ́n fi ṣínu. Òun àti Yẹ̀kínì wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin ti ń dáná, Yẹ̀kínì sì yin ìyàwó rẹ̀ títí, ó wá mí kanlẹ̀.

“Bàbá, obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, tísà ló fẹ́ ṣe o. Tísà tó ń kọ́ èèyàn ní oúnjẹ sísè. Tísà ẹ̀ kan ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó da ọbẹ̀ ẹ̀ sí gọ́tà lójú kíláàsì, ó fún un ní òdo. Bàbá ẹ̀ ní tó bá lè gba òdo nínú oúnjẹ sísè lásán-làsàn, ilé ìwé ti tó nìyẹn. Kò tiẹ̀ tọ́ ọ wò o! Tó bá jẹ́ pé mo mọ tísà yẹn lónìí...”

“Bàbá Yésúfù,” ni Ràbíátù wí, kò gbójú kúrò nínú ìkòkò, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ààwẹ̀ la wà. Ó ti pẹ́.”

Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ọjọ́ mẹ́fà ni Ràbíátù fi ń wo Bertha lójú, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Bí Bertha bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀. Hezekiah kò ní mọ̀, Yẹ̀kínì kò ní mọ̀, òun á sì máa bọ̀ lọ́la wá gba ẹ̀kọ́. Ó gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. 

“Èmi ni,” ló wí.

Yẹ̀kínì kò gbọ́ ọ dáadáa. “Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá?”

“Èmi ni tísà náà. Èmi ni mo dà á nù. Mo gbóòórùn ẹ̀ bí mo ṣe ń dà á, mo mọ̀ pé ó dùn, mo sì dà á nù.”

“Bertha,” ni Hezekiah pè é. Ó ti tó ogún ọdún tó ti pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.  Yẹ̀kínì ṣí fìlà rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ó dìde, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bertha fi orókùn ọdún méjìléláàádọ́rin kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níwájú ọmọ tó kọ́.

“Ẹ dìde, Mà! Èèwọ̀ ni, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!” Ràbíátù di apá rẹ̀ mú. Kò dìde.

“Dárí jì mí.”

 Ohùn Ràbíátù rẹlẹ̀. “Mo gbààwẹ̀, Mà, n ò lè parọ́ fún yín. Ti ọbẹ̀ yẹn, mo ti dárí ẹ̀ jì yín tipẹ́. Ti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé yìí ni kò tíì tán nínú mi. Ojú yín mọ̀ mí. Ẹnu yín ló ní òun ò mọ̀ mí. Ó di ọjọ́ mẹ́fà tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ẹ ò tíì fẹnu yín pe orúkọ mi.”

Bertha kò ríbi gbé ojú sí.  Bó ṣe ń pè é nínú rẹ́jísítà láyé ọjọ́un nìkan ló mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe pè é, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀.

“Ràbíátù Zakariyya.”

“Présẹ́ǹtì, Mà,” ni obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta náà dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun ti dáhùn, ó sì bú sẹ́kún.