Ẹ Jẹ́ Kí N Béèrè Ná

Bí mo bá ti gbọ́ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi nígbà tí mo ń ṣe tíṣà n'Íbàdàn ni mo máa ń rántí. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ Aládùúrà wa, ó sì ń hun orin tuntun fúnra rẹ̀. Orin náà dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò parí ọ̀kan rí. Bó bá ku ìlà kan, á gbọ́wọ́ kúrò: "Ẹ jẹ́ kí n béèrè ná." Ó di ọ̀dọ̀ aríran.

Bàtà pàápàá, ó ń béèrè. Ní Dùgbẹ̀, ó wọ ọ̀kan, ó bá a mu, ló bá bọ́ ọ sílẹ̀, ó lóun ń bọ̀. Oníbàtà bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹsẹ̀ yín ni àbí ti wòlíì?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé mo wà lórí àtẹ.

Ọdún gorí ọdún. Ìyá mi ń béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkùnrin náà ní ọ̀run kò tíì dáhùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó sáré wọlé wa: "Wọ́n ti rí i! Ìwọ ni!"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo wọn lẹ ti bi. Ẹ ò wá ní bi èmi náà bóyá mo ṣì fẹ́ yín?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n béèrè ná."

Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ara tù mí títí dòní. Mo ti fi ìlà tó kù sí ọ̀kan nínú orin rẹ̀. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń kọ ọ́ tán.