Ẹ̀rù Orí Igi Máńgòrò

Delfina kì í jókòó jẹun. Etí odò Búzi la jọ ń sá ẹja, ilé wa fara kan ara wọn, mo sì ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi pé kó fìdí lélẹ̀. Yóò mú òkèlè kan nínú síma, ọkà àgbàdo wa, yóò dìde lọ wo ojú ọ̀run, yóò padà wá mú òmíràn. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti mi páànù orí ilé pẹ́nrẹ́n, Mphepo ọmọ rẹ̀ á ti máa kó ìkòkò, bàtà àti ìwé sórí bẹ́ẹ̀dì, àyà rẹ̀ á máa lù bíi ti adìyẹ tí wọ́n lé mú.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Afẹ́fẹ́ náà ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ la fi ń sọ ọmọ lórúkọ níbí. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje nígbà tí ìjì ńlá gbé odò wá bá wa nínú ilé. Orí igi máńgòrò ni Delfina àti Màmá Zabela, ìyá ọkọ rẹ̀, wà títí ọkọ̀ ojú omi fi dé. Ọkọ Delfina wà níbi ìwakùsà ní Gúúsù Áfíríkà, ibẹ̀ náà ló ṣì wà.

Màmá Zabela ní ẹ̀mí ẹni tó kú sómi ló wọ inú oyún lórí igi yẹn. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Chibabava: bí a bá ti kórè àgbàdo tán, Mphepo á lọ máa gbé lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń lé ẹ̀mí.

"Màmá, ọmọ mi ò lọ síbì kankan."

"Ọmọ rẹ? Ìwọ nìkan lo bí i? Ọmọ wa ni!"

Bí wọ́n ṣe ń fà á láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn, tí orí gbogbo wa ń fọ́.

Àsìkò yẹn ni nọ́ọ̀sì Ermelinda dé. Òwú ló ń pín fún àwa tí a lóyún nígbà ìjì náà. Kí ọmọ jẹ ẹ́ lẹ́nu bó bá ti jí, kó tó jẹun, kó sì tu ú jáde, kí àwọn lè wọn ohun tí ara ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Nínú itọ́! Ẹ gbọ́ o! Ta ló ń fi itọ́ ọmọ rẹ̀ fún àjèjì? Ẹni tó bá ní itọ́ rẹ ti ní ọ. Mo gbé ọmọ mi wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Delfina nìkan ló gbà á. Ó ń wá ohun tí yóò fi bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà, bó bá jẹ́ òwú, kó jẹ́ òwú.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé, ojú rẹ̀ le.

"Ìyá Mphepo, ṣé ọmọ yìí ń sùn rárá? Ohun tí mo rí nínú itọ́ rẹ̀ pọ̀ gan-an ju tàwọn ọmọ abúlé kejì lọ."

Delfina bú sẹ́kún. Màmá Zabela gbé ọ̀bẹ ẹja kalẹ̀.

"Má sunkún mọ́. Èmi ni mo jẹ òwú yẹn."

"Ẹ sọ pé kí ni?"

"Kí wọ́n wá gbé itọ́ ọmọ ọmọ mi lọ lójú mi? Mo jí ṣáájú rẹ, mo jẹ òwú kan, mo fi ìyẹn rọ́pò ti ọmọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìgbà wo lẹ sùn dáadáa gbẹ̀yìn?"

"Kí n tó gun igi." Ó yíjú sí Delfina. "O ń tòògbé lórí ẹ̀ka, o fẹ́ já bọ́. Mo ń ja ọ́ léèékánná ní itan, mo ń pariwo, 'Ejò! Ejò dé!' Kò sí ejò kankan."

"Kò sí ejò? Màmá, gbogbo ejò tí ẹ pè pátá ni mo rí!"

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí abọ́ tó dojú dé. "Bí ẹ̀rù bá pẹ́ lára aláboyún, ohun tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lè kan ọmọ inú. Ara ọmọ lè ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ta gìrì. Kì í ṣe gbogbo ọmọ, mi ò sì lè búra pé òun ló ń ṣe Mphepo. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́kàn ẹni tó mọ̀ máa ń mú ara bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ má gbé e lọ bá àjèjì."

"Èmi ni mo kó bá a nígbà náà," ni Delfina wí.

"Èmi ni," ni Màmá Zabela dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n o ò já bọ́."

Kò sọ pé òun ti yí ọkàn padà o. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ṣọ́ ọ̀nà títí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé Mphepo lọ sí Chibabava fi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ìkórè, tí afẹ́fẹ́ sì gbé páànù sókè. Mphepo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín ìkòkò. Màmá Zabela wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Delfina dí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọkọ̀ fun fèrè, fun fèrè, ó sú awakọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

A yọjú wò. Ìyá àgbà ti kó àwọn ìkòkò sílẹ̀, ó nà gbalaja, ó ń hanrun. Mphepo lajú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìró ìyá àgbà mú.

"Màmá, ẹ rọra," ló sọ fún ìyá rẹ̀. "Mo dì í mú kó má baà já bọ́."