Ilé Ọta Kékeré Tí Mo Yàn

Mo sọ ọ́ nígbà náà, mo sì tún ń sọ ọ́: n kò kábàámọ̀ pé kékeré ni mo yàn.

Ilé ọta ni ihò tó wà ní ìdí ìbọn, níbi tí ọta ń jókòó sí kí a tó yìn ín. Bí wọ́n bá ṣe gbẹ́ ẹ ni irú ọta tí ìbọn náà yóò máa gbà. Ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní Sharjah ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí a ti ń fọ eèpo ọta, idẹ tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, kí a tó tún wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é fún àwọn ọkùnrin kí ọ̀gá tó gbà pé kí èmi náà yìnbọn. Ó ní wọ́n máa fún mi ní ìbọn tuntun, kí n yan irú ilé ọta tí wọ́n máa gbẹ́ sí i. Bí mo bá ṣe dáadáa níbi ìdíje, mo di ayìnbọn ẹgbẹ́. Bí n kò bá ṣe dáadáa, mo padà sídìí idẹ fífọ̀ nìyẹn.

Ilé ọta ńlá ni gbogbo àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mú, èyí tí wọ́n ń ta ọta rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì máa ń gbá ènìyàn léjìká bíi pé ó ń bá a jà. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó ń yìnbọn fún ẹgbẹ́ náà, tó sì bá mi wá iṣẹ́ yẹn, jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Al Nahda.

"Àbúrò mi, mú èyí tí ọ̀gá mú, khalas, ó parí. Tó o bá fail pẹ̀lú kékeré yẹn, gbogbo wa ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èjìká mi ni, ojú mi ni. Kékeré ni mo fẹ́."

Kékeré kì í gbáni, nítorí náà mo lè rí ibi tí ọta mi bà. Ọta rẹ̀ kò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù, àfi kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ta ló sì mọ ẹ̀tù wọ̀n jù mí lọ níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan tí ojú ṣì ń tì mí. Bí a bá yin ọta, eèpo rẹ̀ máa ń wú bá ilé tó wà, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń tẹ ẹnu rẹ̀ nìkan padà kí ó lè di ọta tuntun mú, tí a ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé tó ti mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, mo ń sáré bá bọ́ọ̀sì, mo sì da eèpo tèmi mọ́ ti ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ mìíràn tí mo ń bá fọ idẹ, tí òun náà ní ìbọn kékeré bíi tèmi. Ilé ọta tirẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju tèmi lọ. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nínú ogún ọta tí mo gbé lọ síbi ìdíje, mẹ́sàn-án tó jẹ́ eèpo tirẹ̀ kọ̀ láti wọlé. Mọ́kànlá tó lọ, ìdí ife tíì karak kan ṣoṣo lè bo gbogbo ihò wọn mọ́lẹ̀ lórí pátákó. Síbẹ̀ ipò ìkẹyìn ni mo gbé. Inú bí mi gidigidi, sí ara mi.

Ẹ̀gbọ́n ló jíṣẹ́ ọ̀gá fún mi. Ó ní ọ̀gá ti rí ihò mọ́kànlá yẹn, pé yóò fi mí sínú ẹgbẹ́, bí mo bá lè gbà kí wọ́n gbẹ́ ilé ọta mi di ńlá bíi ti gbogbo wọn.

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ihò tí a bá ti gbẹ́ tóbi kì í kéré mọ́. Ìbọn kọ́ ló ṣẹ̀, èmi ni. Kí wọ́n fún mi ní àárọ̀ kan, ogún ọta. Tí ẹyọ kan bá kọ̀, kí wọ́n gba ìbọn wọn."

Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá orí mi pé. Ṣùgbọ́n ó jíṣẹ́ náà, ọ̀gá sì gbà.

Mo fi eèpo kọ̀ọ̀kan wò nínú ìbọn mi títí mo fi ṣa tèmi jáde. Mo lọ sí Al Ras, níbi tí àwọn ará Èkó ti ń di ẹrù, mo ra kútẹ́ẹ̀sì pupa, mo sì fi kun ìdí gbogbo wọn kí wọ́n má baà dà mọ́ ti ẹlòmíràn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo to ogún onídìí pupa síwájú ọ̀gá. Gbogbo ogún ló wọlé, ọ̀gá sì kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn ayìnbọn.

Ẹ̀gbọ́n bá mi ṣa eèpo nílẹ̀. Ó rọra bi mí bóyá kútẹ́ẹ̀sì yẹn ṣẹ́kù, kí òun náà fi kun eèpo tirẹ̀.