Ṣọ́ọ̀kì Ẹni Méjì

Ibì kan wà láàárín ẹ̀yìn èèyàn tí ọwọ́ ara rẹ̀ kò lè dé. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún láyé kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo gun alùpùpù mi ti Ṣakí dé ni mo mọ̀ ọ́n. Mo jí nílé mi ní Ayétòrò, mo fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ìbàdí mi ní òun kò lọ síbì kankan. Nígbà tí mo rí ara gbé nílẹ̀, mo gbé omi kaná, mo fi aṣọ gbígbóná tẹ itan àti ìdí, mo wá bu òrí sọ́wọ́ pé kí n fi pa ẹ̀yìn. Mo gba òkè, ọwọ́ mi kò dé ibẹ̀. Mo gba ìsàlẹ̀, kò dé ibẹ̀ náà.

Ọgbọ́n tí mo wá dá kò bójú mu, ṣùgbọ́n ta ló ń wò mí? Mo lẹ òrí mọ́ férémù ilẹ̀kùn yàrá, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo sì ń ha ara mi lọ sókè sódò bí ewúrẹ́ tí ara ń yún. Ẹ̀rín pa èmi alára. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, ilé pa lọ́lọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òrí lẹ́yìn, n kò mọ ohun tó kàn.

Ìyàwó mi ni ì bá bá mi pa á. Àtàńpàkò ló máa ń fi tẹ ibẹ̀, á sì máa kùn pé àgbàlagbà tí kò gbọ́ràn, kí Ọlọ́run ṣàánú ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti wà ní Ṣakí lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin, tó ń bá a tọ́jú ọmọ. Ogójì ọjọ́ la jọ dá. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wa. Bí ogójì ọjọ́ ṣe pé ni wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọmọ fún un. Bí àkọ́bí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni oyún kejì dé. Bí ẹ bá bi mí pé ta ló jẹ̀bi, n kò rí ẹnì kan nawọ́ sí. Ta ni yóò bínú sí ọmọ ọmọ rẹ̀? Inú mi ń dùn sí àwọn ọmọ náà, mo sì ń dá jẹun.

Ìyẹn ló mú kí n sọ fún ara mi lọ́jọ́ kan, kí n tó lọ sí Ṣakí, pé ó tó gẹ́ẹ́, mò ń lọ mú un wálé. N kò tẹ̀ ẹ́ láago láti sọ fún un. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ojúkojú ni wọ́n ń sọ ọ́. Mo gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Ìgbógílà. Pobẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ní òdìkejì bọ́dà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá ti fẹ́ le, á ní, "Sà va alé," bí àwọn ará ọ̀hún ṣe máa ń sọ pé yóò dára. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó fọ púlọ́ọ̀gì, ó fa ṣéènì tó ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lóṣòó sídìí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, sípíríǹgì méjì tó dúró lọ́tùn-ún lósì táyà, tó máa ń gba ìnira ọ̀nà kó tó dé ara ẹni tó jókòó.

"Ẹni mélòó ló máa gùn ún, Bàbá Tíṣà?"

"Èmi nìkan ni mò ń lọ. Àwa méjì la jọ ń bọ̀."

Ó wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni pé èmi ni ọmọ ilé-ìwé, òun ni tíṣà. Bí èèyàn méjì bá máa gùn ún, òun á fún ṣọ́ọ̀kì náà le kó má baà rì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá gun èyí tí wọ́n fún le, kò ní tẹ̀ rárá, ìdí onítọ̀hún ni gbogbo kòtò máa wọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é ti ẹnì kan. Tí ẹ bá dé Ṣakí, ẹ ní kí mẹkáníìkì ibẹ̀ bá yín fún un."

"Fún un báyìí."

"Bàbá, ìdí yín o!"

"Ìdí mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n lójú mi, bí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì ẹnì kan kúrò nílé, ó dà bí ìgbà tí mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ pé kò ní tẹ̀lé mi. Mo tún ní kó ki rọ́bà tuntun bọ ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀yìn fún mi. Mo so akoto kejì mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, mo sì gbọ̀nà.

Láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, mo ṣì lè pa á mọ́ra. Láti Ìmẹ̀kọ lọ, kò sí kòtò tí kò kí mi. Àwọn kọ́sítọ̀mù dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí pé lójú ọ̀nà bọ́dà wa, ẹni tí kò gbé ẹrù ni wọ́n máa ń fura sí jù. Ọ̀kan nínú wọn na ìka sí akoto kejì, ó ní ta ló ni ín. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní ìyàwó dà? Mo ní mò ń lọ mú un wálé ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣí ọ̀nà fún mi.

"Ọkọ ìyàwó, ẹ máa lọ!"

Inú mi dùn títí mo fi dé Ìwéré-Ilé.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí mo dé Ṣakí. Ìyá ọkọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ jáde sí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, àna wa. Ṣé kò sí o?" Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré lẹ́yìn. Ó ti rù díẹ̀. Ó wò mí, ó wo alùpùpù. Gbogbo wọn ń retí ohun tí mo máa sọ. Mo lanu, ohun tó jáde ni pé, "Kò sí o. Mo ní kí n wá wo àwọn ọmọ ni."

Ohun tí mo rí sọ fún kọ́sítọ̀mù tí n kò mọ̀ rí, n kò rí i sọ nínú ilé yẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé bàbá ìyàwó kì í fẹnu ara rẹ̀ tọrọ nǹkan nílé àna. Ká wá sọ pé ìyá tó ń wẹ ọmọ fún wọn lo wá gbà? Wọ́n á ní àgbàlagbà yìí kò lè mú ara dúró. Ojú ń tì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò. Wọ́n se iṣu, wọ́n pa adìyẹ, mo gbé ọmọ àgbà káàkiri àdúgbò, ìbàdí ń ro mí, ọ̀rọ̀ náà sì ń bẹ lọ́fun mi.

Lọ́jọ́ kejì ó ku èmi àtìyàwó mi nìkan lẹ́yìnkùlé. Ó ń sá aṣọ ọmọ.

"Akoto méjì lẹ gbé wá?" ló ní.

"Ìkejì kì í kúrò lára rẹ̀."

"Ẹ tún fi rọ́bà tuntun síbi ìtẹ̀sẹ̀."

"Mẹkáníìkì ló kàn fi í síbẹ̀."

Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó gbé báàfù tó ti ṣófo, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo jáde, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Ó wọ bàtà dúdú rẹ̀ tó ní okùn, kì í ṣe sílípáàsì, ó sì ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Mo rò pé ó fẹ́ yà síbì kan ni. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó mú ògbólógbòó ìró rẹ̀ kan jáde, ó ká a sọ́nà mẹ́rin, ó dè é mọ́ ibi tí mo máa ń jókòó sí.

"Ìjókòó yìí ti le jù. Ẹ fi èyí tì í."

Mo ṣáná sí alùpùpù. Kò kúrò níwájú mi.

"Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan?"

Mo fọwọ́ kan àpò mi, mo kan fóònù, mo kan kọ́kọ́rọ́ ilé.

"N kò gbàgbé nǹkan kan," ni mo wí, mo sì wa alùpùpù lọ.

N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ìrìn àbọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé Òkèhò, n kò lè jókòó mọ́, orí ìtẹ̀sẹ̀ ni mo ń dìde dúró sí bí ọmọdé tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe fáàrí. Ṣéènì ń han, bíréèkì ń pariwo, akoto kejì ń gbá mi lẹ́yìn ní gbogbo kòtò. Ìró ìyàwó mi nìkan ló ṣàánú mi.

Bí mo ṣe ha ẹ̀yìn mọ́lẹ̀kùn tán lọ́jọ́ kejì, mo ti alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó wò mí bí mo ṣe ń rìn, ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnì kan. Ó na ọwọ́ tó kún fún gíríìsì sí ìró náà láti tú u. Mo pariwo mọ́ ọn lọ́nà tí ẹni tó ń ta epo lódìkejì títì fi yọjú. Ó fà sẹ́yìn. Ó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó nù ún gbẹ, ó wá tú u jẹ́jẹ́, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ojú tì mí.

Ó fa ṣéènì, ó tún bíréèkì ṣe. Ó wá lóṣòó ti ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ jẹ́ kí n dẹ̀ ẹ́ padà sí ti ẹnì kan, Bàbá."

"Fi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gùn ún."

"Mo ní kí o fi sílẹ̀!"

Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bó bá jẹ́ ti ẹni méjì lẹ fẹ́, ẹ máa gbé àpò gàrí sẹ́yìn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbàdí yín á já."

Ó fi ṣàwàdà ni. Mo ra àpò gàrí, mo dì í mọ́ ẹ̀yìn, mo sì ń gbé e káàkiri bí oṣù kan àbọ̀. Mo gbé e lọ sóko, mo gbé e lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmáṣàyí. Lọ́jà Ìmáṣàyí, obìnrin kan dá mi dúró, ó ní èló ni gàrí yín? Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní ṣé ẹ ń gbé e lọ fẹ́nì kan ni? Mo ní rárá. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Alùpùpù gba gàrí náà sí èèyàn, ṣọ́ọ̀kì ń tẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n gàrí kì í di ẹ̀wù ẹni mú ní kọ́nà. Gàrí kì í ní, "Ẹ rọra o, Bàbá wọn, ẹ ò gbé àpáta."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wà létí oko kan ní Ìjoun. Ìyàwó mi pè láti béèrè ìbàdí mi, bó ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ìhà ibẹ̀, lẹ́bàá bọ́dà, béèyàn bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kùtọnu ló máa gba fóònù mọ́ ọn lọ́wọ́, torí náà mo dúró gbagidi sójú kan. Mo ń wo àpò gàrí náà lórí ìjókòó, ara bù mí já.

"Ìyá wọn, àpò gàrí ni mò ń gbé síbi tí o máa ń jókòó sí."

"Gàrí kẹ̀?"

"Ìwọ ni mo wá mú lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọmọ ni mo wá wò. Mo fẹ́ kí o wálé. Ilé ò gbé fún mi mọ́."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo rò pé Kùtọnu ti ń gbé e lọ.

"Ṣé ẹ rò pé torí kí n lè gbálẹ̀ ni mo ṣe wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni?"

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Mo ti di ẹrù mi. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ yín ti wá ìyá kan tó máa bá a gbé ọmọ. Mo sọ fún un pé bí bàbá rẹ bá ti lanu báyìí, mo ti ń lọ. Mo tún bi yín léèrè pé ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan kan."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Níwájú àwọn àna? Kí wọ́n ní ìyá ìyàwó ń sáré tẹ̀lé ọkọ bí ọmọge?"

Mo ní ǹjẹ́ nísinsìnyí ńkọ́, kí n máa bọ̀ lọ́la? Ó ní ìyá ọ̀hún ti ríṣẹ́ síbòmíràn, wọn kò tíì rí ẹlòmíràn, wọ́n sì ti dá ọmọ wa padà sí iṣẹ́ alẹ́. Ó di ìgbà tí kékeré bá tó wọ ilé-ìwé. Mo ní ìgbà wo nìyẹn? Ó ní bí ọdún méjì. Ó ní kí n máa fi òrí pa ìbàdí mi. Mo ní mò ń pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo tú àpò gàrí sílẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nílé ni mo ti tú ìró náà kúrò lórí ìjókòó kó má baà tún dọ̀rọ̀. Ó wo ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo, ó mú sípánà, ó lóṣòó.

"Ẹni mélòó, Bàbá Tíṣà?"

"Ẹnì kan."

Ó yí ti ọ̀tún, ó yí ti òsì. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yọ ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀yìn náà kúrò kó má baà máa kọ́ koríko, mo ní kó fìyẹn sílẹ̀. Ó fọwọ́ gbá ìjókòó, ó ní, "Sà va alé."

Mo gùn ún dé Ìgbógílà, mo sì gùn ún padà. Ọ̀nà náà ni, kòtò rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ń tẹ̀ lábẹ́ mi jẹ́jẹ́, ìbàdí mi kò sọ nǹkan kan. Mo dé iwájú ilé, mo pa iná alùpùpù, n kò sọ̀ kalẹ̀. Mo fọwọ́ kan itan mi, mo fọwọ́ kan ìdí mi, mo na ẹ̀yìn. Kò síbi tó ń dùn mí mọ́. Ìgbà yẹn ni mo sunkún.